Onítọ̀ ṣúgà tí ẹ̀yìn ń ro, ẹ má kàn pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ ti kọ nípa ìtọ̀ ṣúgà dáadáa, ti ojú, ti egbò ẹsẹ̀, gbogbo ẹ̀ la ti kà, àmọ́ ọ̀kan wà tẹ́ ẹ ò tíì fọwọ́ bà, kò wọ́pọ̀ o, ṣùgbọ́n àwa nọ́ọ̀sì máa ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì burú. Emphysematous pyelonephritis ni àwọn dókítà ń pè é. Kòkòrò inú ìfun, E. coli ló pọ̀ jù, á gba ojú ìtọ̀ gòkè lọ bá kíndìnrín, tó bá wá bá ṣúgà rẹpẹtẹ níbẹ̀ á máa jẹ ẹ́, á máa hó gáàsì jáde bí ẹmu inú kèrègbè, kíndìnrín á sì máa kú lọ. Onítọ̀ ṣúgà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń mú, obìnrin sì ju ọkùnrin lọ.

Wàhálà ẹ̀ ni pé ó jọ ibà. Ara gbígbóná, òtútù, èébì, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn kan á máa ro Màmá, wọ́n á ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, tí ò bá lọ wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n á tún da agbo lé e, ìgbà tí wọ́n bá fi máa gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu wọn mọ́.

Tẹ́ẹ̀sì ìtọ̀ lè fi kòkòrò hàn, kò lè fi gáàsì hàn. Síkáànù tí wọ́n ń fi jẹ́ẹ̀lì pa síni lára náà lè rò pé gáàsì ìfun lòun rí. CT, ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara, ló ń tú àṣírí ẹ̀, gáàsì yẹn á dúdú kirimú láàrin kíndìnrín.

Tẹ́lẹ̀, kíá ni wọ́n á ti yọ kíndìnrín ọ̀hún. Àmọ́ lọ́dún 2000, Huang àti Tseng, àwọn dókítà ní Taiwan, gbé àyẹ̀wò aláìsàn 48 jáde, wọ́n pín àìsàn náà sí ìpele nípa ibi tí gáàsì bá dé. Báyìí, drip, ántíbáyọ́tíìkì gba inú iṣan, ínsúlíìnì, kí wọ́n sì ki rọ́bà gba awọ ẹ̀yìn wọ inú kíndìnrín láti fa ọyún àti gáàsì jáde, ọ̀pọ̀ ń bọ́ níbẹ̀ láìyọ kíndìnrín. Ẹni tó bá pẹ́ jù ni wọ́n ṣì ń yọ tiẹ̀.

Owó CT ò kéré, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín (àwọn kan máa ń fi pa mọ́, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń tijú), tí ántíbáyọ́tíìkì bá sì ti wọlé fọ́jọ́ méjì mẹ́ta tí ara ṣì ń gbóná, ẹ bi dókítà pé CT ńkọ́.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì kan, Ìbàdàn