Àforíjì láti Wisconsin

Milwaukee, Wisconsin
Ọjọ́ 6, oṣù Kẹrin, 2025

Báyọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí Màmá Tólú àtàwọn ọmọ. Ṣé orúnkún Ìyá ti fúyẹ́ díẹ̀? Bá mi kí wọn dáadáa.

Àforíjì ni mo fẹ́ tọrọ. O rántí ọdún 2018, tí o kọ̀wé sí mi láti Adó-Èkìtì nípa "dìbò kóo sebẹ̀"? Mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí, mo ní wọn kì í fowó ra ìbò níbi tí mo wà. Ó dáa, wá gbọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, a dìbò yan adájọ́ kan. Má rẹ́rìn-ín. Aráàlú ló ń yan adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ yìí, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n sì ń lò. Owó tí wọ́n ná lé ìjókòó kan ṣoṣo yẹn tó nǹkan bí 100 mílíọ̀nù dọ́là. Ti 2023 lé ní 50 mílíọ̀nù, a sì rò pé ìyẹn ni òpin rẹ̀.

Bó ṣe rí nìyí. Òfin ní ààlà fún iye tí ẹnì kan lè fi lé olùdíje lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lóṣù Kìíní 2010, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Citizens United, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin: iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ lè náwó bó ṣe wù wọ́n lórí ìbò, bí wọn ò bá ti bá olùdíje gbìmọ̀ pọ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá super PAC sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń kówó jọ láìníye láti ná an lórí ìbò. Kò gbìmọ̀ pọ̀, àbí? Onílù ní òun ò mọ ẹni tó ń jó rí, oríkì baba ẹni náà ló sì ń fi ìlù pè.

Elon Musk, olówó tó ni iléeṣẹ́ mọ́tò Tesla, àtàwọn ẹgbẹ́ tó ń tì lẹ́yìn ná ju 20 mílíọ̀nù dọ́là lọ fún Brad Schimel, ọ̀kan nínú àwọn olùdíje méjèèjì. Wọ́n ń fún ẹni tó bá buwọ́ lu ìwé ẹ̀hónú ní 100 dọ́là. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìbò, Musk wá sí Green Bay níbí fúnra rẹ̀, ó fún ènìyàn méjì ní sọ̀wédowó mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ sáré lọ sí kóòtù, wọn ò dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù Kìíní ni Tesla ti pe ìpínlẹ̀ yìí lẹ́jọ́ nítorí òfin tí kò jẹ́ kó máa ta mọ́tò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo ìpolówó tí mo rí lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sí èyí tó dárúkọ mọ́tò. Ọ̀rọ̀ ọ̀daràn ni ṣáá: adájọ́ yìí tú u sílẹ̀, adájọ́ yẹn rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọmọ mi ọlọ́dún méje mọ orúkọ àwọn olùdíje méjèèjì ju ti àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ lọ.

Schimel fìdí rẹmi, nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni Susan Crawford, olùdíje kejì, fi jù ú lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń jó pé owó ò ríṣẹ́ ṣe. Èmi ò jó. George Soros, olówó ńlá mìíràn, fún ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat ìpínlẹ̀ yìí, tó ti Crawford lẹ́yìn, ní 2 mílíọ̀nù, Pritzker tó jẹ́ gómìnà Illinois fún wọn ní mílíọ̀nù kan àbọ̀. Òfin ibí gba ẹgbẹ́ láyè láti gbà á láìníye, kó sì dà á sọ́wọ́ olùdíje. Ẹni tí mo dìbò fún náà nìyẹn o.

Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì wà tí kì í sọ ẹni tó fún wọn lówó. Ní Adó, ẹni tó gba owó lọ́wọ́ àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ṣáà mọ ilé tó ti wá. Tibí gba orí òrùlé wa kọjá, tẹlifíṣọ̀n ló jẹ ẹ́.

Ìbò gómìnà yín ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Àwa náà tún máa yan adájọ́ mìíràn lóṣù Kẹrin. Kọ iye tí wọ́n bá ń pín sí mi. Èmi ò rí kọ́bọ̀ gbà, àfi ìwé ìpolongo tó kún àpótí lẹ́tà wa. Ìyàwó mi ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ tó bá fẹ́ họ iṣu.

Èmi ni tìrẹ,
Wọlé