Ẹnu tó ń gbẹ: ẹ yẹ àpò oògùn wò kí ẹ tó ní ká máa mu omi

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nínú abala ìlera yín, òǹkàwé kan béèrè ohun tó fà á tí ẹnu màmá rẹ̀ fi ń gbẹ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, débi pé màmá ò lè gbé búrẹ́dì mì láìfi omi tì í. Ìdáhùn tí ẹ fún un ni pé kí màmá máa mu omi dáadáa, kí wọ́n sì máa lá ọsàn wẹ́wẹ́. Mo mọ̀ pé ire ni ẹ fẹ́ fún wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó béèrè oògùn tí màmá ń lò. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú, torí pé lára àwọn àgbàlagbà, oògùn ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń gbẹ ẹnu.

Itọ́ kì í ṣe omi lásán. Ara àgbàlagbà tó dá ṣáṣá ń pèsè tó ìdajì lítà sí lítà kan àbọ̀ lóòjọ́. Ìsun ńlá mẹ́fà ló ń gbé e jáde: méjì níwájú etí, méjì lábẹ́ àgbọ̀n, méjì lábẹ́ ahọ́n. Àwọn kéékèèké tún pọ̀ ní ètè, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ní òkè ẹnu. Itọ́ ló ń jẹ́ kí òkèlè yọ̀ lọ́fun, òun ló ń fọ èérún oúnjẹ kúrò lára eyín, òun náà ló sì ń sọ ohun kíkan di aláìlágbára. Tí a bá sùn, ó máa ń dín kù débi pé díẹ̀ ló kù kó dá pátápátá. Ìdí nìyẹn tí ẹnu gbogbo wa fi ń gbẹ díẹ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́, kò sì yẹ kíyẹn da ẹnikẹ́ni láàmú. Èyí tó ń fẹ́ ìwádìí ni ẹnu tó ṣì gbẹ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ẹ lè wọ̀n ọ́n nílé. Ẹ wá ife kékeré kan àti síríńjì 5 mílílítà tí kò ní abẹ́rẹ́ lórí. Kí ẹni náà má jẹ, kó má mu, kó má fọ ẹnu, kó má sì mu sìgá fún wákàtí kan gbáko. Kó wá jókòó, kó tẹrí síwájú díẹ̀, kó gbé itọ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá máa wo aago. Kó má jẹ ẹnu, kó má sì fi ahọ́n fa itọ́ jáde. Kó jẹ́ kó gbárajọ fúnra rẹ̀, kó máa tu ú sínú ife ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan títí ìṣẹ́jú 15 á fi pé. Ẹ dúró kí ìfófòó lọ sílẹ̀ kí ẹ tó fi síríńjì fà á, torí ìfófòó ló máa ń tan àwọn tó ń wò ó lásán pé itọ́ pọ̀. Tí kò bá tó 1.5 mílílítà, ìsun itọ́ ò ṣiṣẹ́ tó. Ẹni tí tirẹ̀ dára sábà máa ń tu bíi 4 sí 6. Bí itọ́ bá pọ̀ tó, tí ẹnu sì ṣì ń gbẹ, a jẹ́ pé ọ̀nà imú tàbí ìdààmú ọkàn ló yẹ ká yà sí.

Oògùn ló kàn. Ẹ da gbogbo èyí tó wà nílé sórí tábìlì, kì í ṣe èyí tí dókítà kọ nìkan. Ẹ kó èyí tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì fún ọ̀fìnkìn mọ́ ọn, èyí tó wà fún ara yíyún, àti èyí tí wọ́n fi ń sùn. Chlorpheniramine tí gbogbo ayé mọ̀ sí Piriton, àti promethazine tí wọ́n ń pè ní Phenergan, ló sábà máa ń jáde níbẹ̀. Ara yíyún àti ọ̀fìnkìn ni wọ́n wà fún, ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà kan ti sọ wọ́n di oògùn oorun alaalẹ́. Chlorpheniramine tún máa ń fara pamọ́ sínú oògùn ọ̀fìnkìn alápapọ̀ àti oògùn ikọ́ olómi, èèyàn á wá máa lò ó lọ́nà méjì láìmọ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí.

Iṣẹ́ tí iṣan ń jẹ́ fún ìsun itọ́ ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń dí lọ́nà. Ìsun náà ò bàjẹ́. Àṣẹ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni amitriptyline ń ṣe, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń ta tàbí tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà, àti benzhexol tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Artane, tí wọ́n ń fi kún oògùn ọpọlọ. Hyoscine tó wà nínú Buscopan fún inú rírun wà lára wọn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọ̀nà tirẹ̀: furosemide, ìyẹn Lasix, àti hydrochlorothiazide ń fi ìtọ̀ lé omi jáde lára, nígbà tí methyldopa àti clonidine ń ti inú ọpọlọ dín itọ́ kù. Tramadol náà ń gbẹ ẹnu. Ẹyọ kan lè má hàn lára, ṣùgbọ́n ẹ wo màmá tó lo hydrochlorothiazide láàárọ̀, tó lo amitriptyline lálẹ́, tó tún wá fi Piriton lé e kí oorun lè kùn ún. Kí ni kò ní gbẹ ẹnu wọn?

Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ kọ ìgbà tí ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé pélébé yẹn ló ń tú àṣírí. Èyí tí ẹ fúnra yín rà láìsí ìwé dókítà, ẹ lè fi sílẹ̀ kí ẹ wo bó ṣe máa rí. Èyí tí dókítà kọ, ẹ má dá a dúró o. Tí èèyàn bá já clonidine sílẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ru sókè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Tí ó bá jẹ́ amitriptyline, orí fífọ́, èébì àti àìrí-oorun-sùn lè tẹ̀ lé e. Ohun tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ dókítà ni bóyá ìwọ̀n rẹ̀ ṣeé dín kù, bóyá ó ṣeé pín sí méjì lójúmọ́, tàbí bóyá ẹnìkejì rẹ̀ kan wà tí kì í gbẹ ẹnu tó bẹ́ẹ̀. Fún ara yíyún, bí àpẹẹrẹ, loratadine fúyẹ́ ju Piriton lọ dáadáa.

Òǹgbẹ ò rí bí ẹnu gbígbẹ, ibí sì ni “máa mu omi” ti lè ṣe ibi. Ẹni tí oògùn gbẹ lẹ́nu, omi díẹ̀ á tù ú lára. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ń bọ̀ lára rẹ̀ á gbé ike omi dá sọ́fun, òǹgbẹ ò ní lọ, á dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóru, ara rẹ̀ á sì máa rù bó tilẹ̀ ń jẹun. Ẹ jẹ́ kó yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láàárọ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ tí kò jẹ ohunkóhun. Tó bá tó 126 lórí ẹ̀rọ tó ń ka mg/dL, ìyẹn 7.0 lórí èyí tó ń ka mmol/L, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ní láàbù. Tí àwọn àmì yẹn bá wà, tí ẹ̀rọ sì ka 200 mg/dL ní ìgbàkigbà, kó má dúró dọ̀la. Kó má sì fi mọ́ọ̀tì tàbí mínírà pa òǹgbẹ náà, nítorí ṣúgà ló ń dà lé ṣúgà.

Ti imú ò le. Bó bá jẹ́ ìgbà jíjí nìkan ni ẹnu ń gbẹ, tí ẹni tí wọ́n jọ ń sùn sì ní ó ń han-run, ẹnu ló fi ń mí. Ẹ tọ́jú katá náà, kí ẹ sì yí fáànù kúrò níwájú ojú. Oògùn tí wọ́n ń kán sí imú láti là á, bíi oxymetazoline, kò yẹ kó kọjá ọjọ́ mélòó kan. Tó bá pẹ́ jù, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dí imú.

Tí ojú náà bá ń gbẹ bí ẹnu ṣe ń gbẹ, tó ń ṣe bíi pé iyanrìn kó sí i, tí oríkèé ara sì ń ro, ẹ dárúkọ Sjögren fún dókítà. Henrik Sjögren, dókítà ojú ọmọ Sweden, ló ṣàlàyé àrùn náà lọ́dún 1933. Àwọn ọmọ ogun ara ló ń kọjú ìjà sí ìsun itọ́ àti ìsun omijé, àwọn obìnrin ló sì ń mú jù. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan lábẹ́ àgbọ̀n ló ń wú tó sì ń dunni nígbà oúnjẹ, òkúta kékeré lè ti dí ojú ìsun. Tí nǹkan funfun bá bo ahọ́n, tó ṣeé nù kúrò tí abẹ́ rẹ̀ sì pọ́n, àrùn olú inú ẹnu (thrush) ni. Nystatin olómi, mílílítà kan lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ló ń ká a lọ́wọ́ kò. Ẹ fi yí gbogbo ẹnu ká kí ẹ tó gbé e mì, ẹ má sì jáwọ́ títí ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí funfun náà bá lọ.

Ní ti ìtura, omi díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ bu díẹ̀ sẹ́nu, ẹ fi yí ẹnu ká, kí ẹ tó gbé e mì. Ẹni tó ń da ife omi lé ife omi ń fọ ìwọ̀nba itọ́ tó kù dànù ni, á sì pàdánù oorun rẹ̀ sórí ìtọ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ ń fa itọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi kíkan rẹ̀ ń yọ ara eyín, itọ́ tó yẹ kó ṣan án kúrò ni kò sì sí yẹn. Suwíìtì burú jù ú lọ. Ẹ lọ wo ẹnu àwọn tó ń fi suwíìtì tọ́jú ẹnu gbígbẹ: ibi tí eyín ti wọnú ẹran ìdí rẹ̀ ni ihò ti ń bẹ̀rẹ̀, yí ká, eyín á sì kán níbẹ̀. Ṣíńgọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà ló dára, pàápàá èyí tí wọ́n kọ xylitol (adùn kan tí wọ́n ń fi dípò ṣúgà) sí lára, fún bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ. (Ẹ má jẹ́ kí ajá yín tọ́ ọ wò, xylitol lè pa ajá.) Orín tiwa náà ṣiṣẹ́, torí jíjẹ ẹ́ ló ń pe itọ́. Èmi á yan èyí tó rọ̀, nítorí ẹran ìdí eyín tó gbẹ kì í pẹ́ bó.

Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ẹ tu ìfófòó rẹ̀ dànù, ẹ má wá fi omi ṣan án. Ẹ fi ọṣẹ yẹn sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́. Omi ìyọ́nu tó ní ọtí nínú ń fi kún gbígbẹ ni. Ẹ lè po tiyín: ife omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì baking soda, àti ìdajì ìyẹn iyọ̀. Ẹ yọ́ ẹnu, ẹ tu ú, ẹ wá fi omi lásán yọ́ ọ. Kán-ún kọ́ o. Ẹ fi òrí pa ètè lálẹ́. Eyín àtọwọ́dá gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu kó sì sùn sínú omi.

Ẹnu gbígbẹ tún ń ba lílo oògùn fúnra rẹ̀ jẹ́. Doxycycline oníkápúsù, oògùn apakòkòrò kan, lè lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun kó sì jó o. Ẹ wà ní ìnàró, ẹ fi ife omi kan tì í, ẹ má sì dùbúlẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Oògùn àyà tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n kì í yọ́ níbi tó bá gbẹ. Kí aláìsàn fi omi rẹ abẹ́ ahọ́n kó tó fi í síbẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ ní orí tàbí ọrùn, kó rí dókítà eyín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Eyín tó bá yẹ ní yíyọ, ìgbà yẹn ni kí wọ́n yọ ọ́, nítorí egungun àgbọ̀n tí ìtànṣán bá ti kọjá lára rẹ̀ lè má jiná mọ́. Lẹ́yìn ìtọ́jú náà, dókítà lè kọ pilocarpine, 5 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, láti jí ìsun tó bá ṣẹ́ kù. Yóò mú ara làágùn, kò sì dára fún ẹni tí asima rẹ̀ ò tíì rọlẹ̀.

Apòògùn kan,
Ìbàdàn.