Má Fi Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n Buwọ́ Lùwé

Àdùkẹ́ mi,

Ohun tí o sọ lórí fóònù lálẹ́ àná kò jẹ́ kí n sùn. O ní ọ̀gá rẹ halẹ̀ mọ́ ọ, pé kó o tó délé o ti kọ lẹ́tà pé o fiṣẹ́ sílẹ̀, ó kù kí o fi ránṣẹ́. O ní o ò mọ ohun tó gùn ọ́. Èmi mọ̀ ọ́n, ó ti gun èmi náà rí.

O ò ju ọmọ ọdún 2 lọ nígbà tí ẹnì kan tí mo jẹ lówó dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní kí n buwọ́ lùwé lójú ẹsẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òun á kó ẹrù wa síta. Bíìrò ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi débi pé èmi fúnra mi ò lè ka orúkọ tí mo kọ. N ò ṣí ojú ewé kejì wò. Ọdún 3 gbáko ni mo fi san ohun tó wà níbẹ̀.

Kì í ṣe òmùgọ̀ ló ṣe mí. Ibì kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní amygdala, òun ni ọdẹ tó máa ń figbe ta. Bó bá ti kígbe, láàárín ìṣẹ́jú àáyá ara á tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkì, kéèyàn lè jà tàbí kó sá. Iwájú ọpọlọ tó ń bá wa ro ọ̀la, tó ń dì wá lọ́wọ́ mú, á wá dákẹ́. Tìrẹ ò sì tíì gbó tán. Ó máa ń tó nǹkan bí ọdún 25. Bó bá jẹ́ ejò ló wà lẹ́sẹ̀ ẹni, ó dára bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà kì í ṣe ejò.

Ohun tó tàn mí jẹ jù ni pé ńṣe ló dà bíi pé ojú mi là kedere, pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù.

Má sì rò pé bí ẹni tó halẹ̀ mọ́ ọ bá ti kúrò níwájú rẹ, ó ti tán. Cortisol, èròjà míì tí ara máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé ìpayà, máa ń tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó pọ̀ dé góńgó. Nítorí náà, rọra máa mí síta, kó pẹ́ ju bí o ṣe mí sínú lọ. Sọ pé, “Ẹ jẹ́ kó dọ̀la kí n tó fèsì.”

Jọ̀ọ́, pè mí láàárọ̀ ọ̀la, kí o ka lẹ́tà náà sí mi létí. Bí o bá ṣì fẹ́ fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí o ti sùn, tí o ti jí, màá wà lẹ́yìn rẹ.

Màmá rẹ