Ìkóbìnrinjọ nìkan kọ́ ni ìtàn àwọn Mọ́mọ́nì

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá lórí ìjọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Mọ́mọ́nì, níbi tí akọ̀ròyìn yín ti sọ pé ẹgbẹ́ awo ni wọ́n, àti pé iye ìyàwó tó bá wu ọkùnrin wọn ló lè fẹ́. Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ náà. Ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi, ibẹ̀ ni mo sì wà títí di òní. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìtàn ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ó sì dùn mí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti pa tì láti ìgbà àwọn baba ńlá wa ni ẹ fi kún ojú ewé méjì, tí ẹ kò sì fi ìlà kan ṣoṣo mẹ́nu ba èyí tó kan àwa aláwọ̀ dúdú gan-an.

Òótọ́ ni pé Joseph Smith, tó dá ìjọ náà sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 1830, fẹ́ ìyàwó púpọ̀ ní bòókẹ́lẹ́ kí àwọn jàǹdùkú tó yìnbọn pa á nínú ẹ̀wọ̀n Carthage ní Illinois ní 1844. Brigham Young, tó kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ la aginjù kọjá dé àfonífojì Salt Lake ní 1847, kò tilẹ̀ fi tirẹ̀ pamọ́, nítorí ní 1852 ni wọ́n kéde ẹ̀kọ́ náà ní gbangba. Àmọ́ ìjọba Amẹ́ríkà kọjú ìjà sí i, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dájọ́ ní 1879 pé ẹ̀sìn kò lè jẹ́ àwáwí fún ẹni tó bá rú òfin ìgbéyàwó, òfin mìíràn ní 1887 sì fún ìjọba lágbára láti gba dúkìá ìjọ náà. Ní 1890, Wilford Woodruff tó jẹ́ ààrẹ ìjọ nígbà náà kéde pé kí wọ́n jáwọ́ níbẹ̀. Láti 1904 wá, ẹni tó bá fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó, lílé ni wọ́n ń lé e jáde. Àwọn obìnrin aláṣọ gígùn tí ẹ tẹ àwòrán wọn, ọmọ ẹgbẹ́ Warren Jeffs ni wọ́n, olórí ẹgbẹ́ kan tó ti yapa, ẹni tí ilé ẹjọ́ Texas sọ sí ẹ̀wọ̀n gbére ní 2011. Ìjọ Mọ́mọ́nì tí olú ilé rẹ̀ wà ní Salt Lake kò ní nǹkan kan pa pọ̀ mọ́ ọn. Bí baálé ilé kan ní Ìsẹ́yìn tó ní ìyàwó méjì bá fẹ́ ṣe ìrìbọmi lọ́dọ̀ wọn lónìí, wọn kò ní gbà á. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, Ọ̀gá Olóòtú: nínú àwa tí à ń ka ìwé ìròyìn yín, àwa mélòó ni baba ńlá rẹ̀ fẹ́ ìyàwó kan ṣoṣo tí a fi ń ya ẹnu sí tàwọn òyìnbó?

Ní ti ẹgbẹ́ awo, ilé ìsìn wọn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ Àìkú. Tẹ́ńpìlì ni àlejò kì í wọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yà á sí mímọ́, níbi tí wọ́n ti ń so tọkọtaya pọ̀ títí ayérayé, tí wọ́n sì ti ń ṣe ìrìbọmi fún àwọn òkú nípasẹ̀ alààyè. Èmi kò gba ìyẹn gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbà pé Bàbá àti Ọmọ jẹ́ ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí olúkúlùkù ní ara ẹran àti egungun, tàbí pé Jésù fara han àwọn ará Amẹ́ríkà lẹ́yìn àjíǹde gẹ́gẹ́ bí Ìwé ti Mọ́mọ́nì ṣe wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé Joseph Ayọ̀ Babalọlá sọ pé òun gbọ́ ohùn lẹ́nu iṣẹ́ ojú ọ̀nà ní 1928 kò ní í fi ẹni tó sọ pé áńgẹ́lì bá òun sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tí ẹ fò dá nìyí. Nínú ìjọ yìí, ọmọkùnrin tí kò tíì ju ọdún méjìlá lọ ti ń gba oyè àlùfáà. Wọ́n fi Elijah Abel, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, jẹ oyè náà ní 1836 nígbà tí Joseph Smith ṣì wà láàyè. Ní 1852, ọdún kan náà tí wọ́n kéde ìkóbìnrinjọ, Brigham Young sọ ní gbangba pé ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ mọ́, wọ́n sì gbé e karí ègún Káínì tí wọ́n ní ó wà lórí àwọn aláwọ̀ dúdú. Ọdún 126 ni òfin yìí fi wà. Jane Manning James, obìnrin dúdú tó ti bá Joseph Smith ṣiṣẹ́ nínú ilé rẹ̀ ní Nauvoo, bẹ̀ wọ́n léraléra pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gba ìbùkún tẹ́ńpìlì lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ bíi ti àwọn funfun, ó sì kú ní 1908 láìrí i gbà. Brazil ni òfin náà ti wá di wàhálà fún wọn, nítorí wọ́n ń kọ́ tẹ́ńpìlì sí São Paulo ní orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọ Yorùbá àti Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ti dàpọ̀ mọ́ àwọn yòókù débi pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ wa kò sí lára rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 1978 ni Spencer W. Kimball, ààrẹ ìjọ nígbà náà, kéde pé Ọlọ́run ti fi hàn pé kí wọ́n mú òfin náà kúrò. Ó sì di 2013 kí ìjọ náà tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò fara mọ́ àlàyé ègún náà mọ́. Lójú tèmi, ó pẹ́ jù.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé àwọn ọmọ Nàìjíríà kò dúró de 1978. Láti nǹkan bí àwọn ọdún 1950 ni àwọn ènìyàn ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà ti ń rí ìwé pélébé wọn, tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí Salt Lake, tí wọ́n sì ń pe ara wọn ní ọmọ ìjọ tí kò tíì rán ẹnikẹ́ni sí wọn. LaMar Williams, tí ìjọ náà rán, wá bẹ̀ wọ́n wò ní 1961, ó sì sọ ọ̀rọ̀ òfin náà fún wọn. Àwọn ará ìlà-oòrùn náà ní kí ìjọ ṣáà máa bọ̀. Ní 1963, ọmọ Nàìjíríà kan tó ń kàwé ní California tú àṣírí náà síta nínú ìwé ìròyìn Nigerian Outlook, ìjọba wa kò sì fún àwọn míṣọ́nnárì ní físà. Ó di ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 1978 kí wọ́n tó ṣe ìrìbọmi fún Anthony Obinna, olùkọ́ kan ní Mbaise, àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Lónìí, tẹ́ńpìlì wọn wà ní Abà láti 2005, wọ́n sì kéde ti Èkó ní 2018.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe àtúnṣe lórí àwòrán yẹn nínú ìwé ìròyìn tó ń bọ̀. Bí ẹ bá sì tún fẹ́ kọ̀wé lórí ìjọ yìí, ẹ rán akọ̀ròyìn yín lọ sí Abà àti Mbaise, kí ó wá àwọn àgbà tó ti wà nínú rẹ̀ ṣáájú 1978, kí ó bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi dúró ti ìjọ tó ní àwọn kò tó àlùfáà í ṣe. Kí ó tún bi àwọn olórí wọn ní Èkó bóyá wọ́n ń sọ ìtàn 1852 fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ lọ́jọ́ Àìkú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta.