Aago Àkrà kì í ṣe aago Kútọnu

Sí Olóòtú,

Mo kí yín fún iṣẹ́ ńlá tí ẹ ń ṣe láti máa fi èdè Yorùbá mú ìròyìn wá bá wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Nínú àkọsílẹ̀ yín lórí ìrìn-àjò láàárín àwọn ìlú etí òkun, ẹ sọ pé bàálù máa ń lo nǹkan bíi wákàtí méjì láti Àkrà wá sí Kútọnu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé ẹni tó kọ ọ́ wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó yọ aago ìgbéra kúrò nínú aago ìbalẹ̀, kò sì rántí pé aago ìlú méjèèjì kò dọ́gba.

Láti pápákọ̀ òfurufú Cadjehoun ní Kútọnu sí ti Àkrà kò ju bíi 295 kìlómítà lọ lójú òfurufú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá gba orí ilẹ̀, tó la ẹnubodè Hillacondji àti Aflao kọjá, yóò rin nǹkan bíi 350. Ọkọ̀ òfurufú tó ń sá 500 kìlómítà ní wákàtí kan yóò fi bí ìṣẹ́jú 35 rìn ín. Bí a bá sì ro ìgbà tó ń gòkè, ìgbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ àti ìgbà tó ń rọra rìn nílẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ kò sábà ju wákàtí kan lọ. Wákàtí kejì tí ẹ kà, aago ló ni ín. Gánà àti Tógò ń lo aago Greenwich, àwa ará Benin àti Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣíwájú wọn. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá gbéra ní Kútọnu ní aago 10 òwúrọ̀ fi lè balẹ̀ sí Àkrà kí aago 10 tó lù níbẹ̀. Bó bá ṣe ti oòrùn ni, bí ìṣẹ́jú 10 péré ni ìbá wà láàárín wa. Ìlànà ìjọba ló sọ ọ́ di wákàtí kan.

Ojú wa ti rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Àkrà ránṣẹ́ pé bàálù òun yóò gbéra ní aago 2 ọ̀sán. A ní Àkrà kò jìnnà, a sì ti wà ní Cadjehoun kí aago 3 tó lù. Ìyá rẹ̀ fi aṣọ wé abọ́ àdàlú, ó gbé e mọ́ àyà. Nígbà tó di aago 3 àbọ̀, ó ti jókòó sílẹ̀, ó ń ki oríkì ọmọ rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, omijé ń bọ́ sórí aṣọ tó fi wé oúnjẹ náà. Ó kọjá aago 4 kí ọmọ tó jáde, ẹ̀rín lẹ́nu. Bàálù rẹ̀ kò pẹ́ rárá.

Ti Èkó kì í da ẹnikẹ́ni láàmú, nítorí pé aago kan náà la jọ ń lò: ohun tí ẹ bá yọ lórí tíkẹ́ẹ̀tì, òun náà ni ìrìn-àjò gbà.

Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe àtúnṣe àkọsílẹ̀ náà. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ jọ̀wọ́, nígbàkígbà tí ẹ bá tẹ aago ìgbéra tàbí ti ìbalẹ̀, ẹ kọ orúkọ ìlú tó ni aago náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìṣẹ́jú tí bàálù ń lò lójú òfurufú lọ́tọ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Àjàṣẹ́.