Ẹ wo ibi tí wọ́n so àtíbàbà ọkọ̀ yín mọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ àtíbàbà ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì ìtajà ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ yín. Àwọn bọ́ọ̀sì yìí ń pọ̀ sí i ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti Tákíé títí dé Under G lẹ́bàá yunifásítì LAUTECH. Wọ́n á gé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n á ṣe fèrèsé tí wọ́n ń gbà ta oúnjẹ tàbí ohun èlò fóònù, wọ́n á wá na tapólì síwájú rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ kan péré, ó ti fà ya. Oníṣòwò á ní tapólì tí wọ́n tà fún òun ni kò dáa. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ òótọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, tapólì ò jẹ̀bi, ibi tí wọ́n so ó mọ́ ni ò gbà á.

Páànù ara bọ́ọ̀sì kò nípọn tó mìlímítà kan. Ẹni tó bá fi síkúrù lásán kan àtíbàbà mọ́ ọn, ara páálí ló gbé e kọ́. Àtíbàbà tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tó yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà 3, bí ìjì bá ń sáré 70 kìlómítà ní wákàtí, agbára tí yóò fi gbé e sókè tó nǹkan bí 40 kìlò. Ìdí nìyẹn tí okùn tàbí ṣéènì tí wọ́n fi rọ̀ ọ́ láti òkè kò fi wúlò: ó lè gba ìwúwo rẹ̀, àmọ́ kò lè dì í mú nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbé e. Páìpù onígun mẹ́rin ni kí ẹ fi tì í láti ìsàlẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì.

Kí ẹ tó lu ihò, ẹ fi ìka gbá ara ọkọ̀ náà. Ibi tó bá ń dún gbọ̀ọ́ ṣófo; ibi tó bá dún kọ́ ni egungun ọkọ̀, ìyẹn irin tó gbé páànù dúró, wà, ibẹ̀ ni kí ẹ so ó mọ́. Bí egungun kò bá bọ́ síbi tí ẹ fẹ́, ẹ fi irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ní ínǹṣì 2, tó nípọn ní mìlímítà 3, tẹ́ inú ọkọ̀ gbọọrọ. Bóòtì M8, ìyẹn oní-mìlímítà 8, ni kí ó gba inú páànù àti irin náà já, ọ̀kan ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú wáṣà níta àti nínú. Nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà lẹ́nu ló dáa, torí gbígbọ̀n ojú ọ̀nà máa ń tú nọ́ọ̀tì lásán. Ẹ kọ́kọ́ tú aṣọ inú ọkọ̀, kí ẹ má baà lu wáyà iná. Ẹ kun etí ihò, kí ẹ sì fi sílíkónì sí i kí bóòtì tó wọlé. Ihò tí wọn ò kùn, kò ní pẹ́ tí omi ìpẹtà á fi máa ṣàn lára ọkọ̀.

Tapólì búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo ìyanrìn, oòrùn á jẹ ẹ́. Irú ti tírélà ni kí ẹ rà, èyí tó wúwo tó 600 gíráàmù ní mítà kan níbùú lóròó, kí ẹ sì fi òwú polyester rán an. Òwú lásán máa ń jẹrà.

Ìyọsíta rẹ̀ ńkọ́? Tí fèrèsé bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, nǹkan bí agogo mẹ́rin kù díẹ̀ ìrọ̀lẹ́, àtíbàbà gbọ́dọ̀ yọ tó gíga fèrèsé fúnra rẹ̀ kó tó lè bò ó. Tó bá di agogo márùn-ún, ìlọ́po méjì nìyẹn, ìjì ò sì ní jẹ́ kí àtíbàbà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ dúró. Ẹ kúkú rán aṣọ ínǹṣì 10 mọ́ etí rẹ̀ kó máa rọ̀ wálẹ̀. Ó sàn jù lọ kí ẹ yí ọkọ̀ padà, kí fèrèsé kọjú sí àríwá: nígbà ọyẹ́, gúúsù ni oòrùn máa ń gbà.

Kí àtíbàbà náà dagun síwájú, kó fi ínǹṣì 3 relẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan tó bá yọ síta. Bí kò bá dagun, omi òjò á dágún sí i láàárín, omi tó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà kan péré lórí mítà kan níbùú lóròó, kìlò 10 ni. Ẹ má gbé agbada àkàrà sábẹ́ rẹ̀ o, ooru máa ń rọ tapólì náà, èéfín òróró á sì kó eruku jọ sára rẹ̀. Ẹ fi rọ́bà bo igun méjèèjì nítorí orí àwọn oníbàárà. Nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, pín-ìnnì irin ni kí ẹ fi de àtíbàbà náà, kì í ṣe okùn.

Ní ọjọ́ tí alurinmọ́rìn bá gbé e fún yín, kí ó tó bo inú ọkọ̀ padà, ẹ wọlé kí ẹ ka bóòtì. Kí ẹnì kan wá fa igun àtíbàbà náà sísàlẹ̀ kíkankíkan, kó tún tì í sókè. Bí páànù bá ń wọnú, tó ń yọ síta, ẹ má tíì sanwó tó kù.

Àwa alurinmọ́rìn àti aránṣọ tapólì kan,
Ògbómọ̀ṣọ́.