Lẹ́tà sí Àǹtí mi tí wọ́n ní kó kúrò nínú kọ́yà

Àǹtí mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ dẹ̀ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ pè yín lálẹ́ Sátidé yẹn gan-an àmọ́ ẹkún ò jẹ́ n lè sọ̀rọ̀, ni mo bá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Gbọ̀ngàn orin MUSON l'Ónìkan ni mo lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní akọrin kan fẹ́ kọ orin nípa igbó, odò, òdòdó àti àdúrà, òun nìkan pẹ̀lú ẹni tó ń tẹ dùùrù fún un. Kò sí máíkì o, Àǹtí. Kò sí ìlù, kò sí ẹni tó ń gbè é. Ọkùnrin yẹn kàn dúró, ó la ẹnu, ohùn ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwa tá a jókòó sẹ́yìn pátápátá, kò dẹ̀ pariwo.

Orin èdè Jámánì ló kọ́kọ́ kọ. Èyí tí mo rántí jù ni ti Schubert, ẹni àtijọ́ tó ṣe orin náà, ọdún 1817 ló ṣe é, ẹja kan ló ń wẹ̀ nínú odò tó mọ́ gaara, apẹja ò rí i mú àfìgbà tó da omi náà rú. Mi ò gbọ́ èdè náà, inú ìwé ètò ni mo ti ka ìtumọ̀ ẹ̀, àmọ́ mo gbọ́ omi yẹn nínú dùùrù, ó ń ṣàn lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀.

Ló bá bọ́ sórí ti Ayọ̀ Bánkólé, tó máa ń ṣe orin sílẹ̀ fún akọrin. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀ létí mi, ẹ ní ó lọ kàwé ní London àti Cambridge, ó dẹ̀ padà wá ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Èkó kó tó kú ní 1976. Orin Yorùbá mẹ́ta kan wà tó ṣe ní 1959: Ìyá, Já Ìtànná Tó Ń Tàn, àti Kìnnìún. Àǹtí, bí ọkùnrin yẹn ṣe ní "ìtànná", ìtànná ni mo gbọ́. Mi ò wo ìwé rárá. Bí ẹni ń bá mi sọ̀rọ̀ lójúde ilé wa ni, ó kàn jẹ́ pé orin ni.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí yín. Mo rántí ọjọ́ tí ẹ dìde láàárín kọ́yà, tí ẹ ní ohùn òyìnbó tí wọ́n gbé wọ orin yẹn ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́, pé ibi tó yẹ ká ti pe ọ̀run, ọrùn là ń pè, ẹ ní ẹ ò lè máa sọ fún Ọlọ́run pé ọrùn ló ń gbé. Ọ̀gá kọ́yà ní ìgbéraga ni, wọ́n ní kí ẹ bọ́ aṣọ kọ́yà sílẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà yẹn. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ojú yín dẹ̀ ń tì mí títí tá a fi délé. Mi ò sọ ọ́ fún yín rí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dárí jì mí.

Òótọ́ lẹ sọ. T. K. E. Phillips tó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà Marina ti kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí láti 1953, kí wọ́n tó bí ọ̀gá kọ́yà yẹn pàápàá.

Àdúrà fún Àlàáfíà ni akọrin yẹn fi parí, ti Bánkólé náà ni, 1969 ni Bánkólé ṣe é, ogun abẹ́lé ò tíì tán nígbà yẹn. Nígbà tó ṣe tán, ẹnikẹ́ni ò tètè pàtẹ́wọ́. Màmá kan níwájú mi ṣe àmín, jẹ́ẹ́jẹ́.

Sátidé tó ń bọ̀ mo máa wálé. Orin ọjọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ fún mi bí ẹ ṣe fẹ́ ká kọ ọ́ nígbà yẹn, mo fẹ́ gbọ́ ọ.

Ọmọ yín ni.